Northern League: Bọ́ọ̀lù Àwọn Ìlú Kéékèèké ní Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ wa ló lè ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù Arsenal tàbí Chelsea láti orí aṣọ́lé títí dé orí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ Premier League, àwọn líìgì mìíràn wà tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí àkàbà, ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa lè gòkè, èyí tó bá ṣe bàjẹ́ á sì sọ̀ kalẹ̀. Ní ìpele kẹsàn-án àti ìkẹwàá àkàbà yìí ni Northern League wà, líìgì àwọn ìlú kéékèèké agbègbè Durham, Newcastle àti Sunderland. Òun ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ohun tí líìgì agbègbè jẹ́, àti ohun méjì tó ń mú kó dúró: kí ìlú ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ilẹ̀kùn òkè sì ṣí sílẹ̀ fún un. Northern League kò ṣe aláìní ti àkọ́kọ́ rí. Èkejì ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ tì fún ọdún pípẹ́.

Kí líìgì tó dé, lẹ́tà ni àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ń bá ara wọn dá ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ kan bá rí ibòmíràn tí owó ẹnu ọ̀nà ti máa pọ̀ jù, ó lè má wá mọ́, àwọn òǹwòran á wá dúró lẹ́bàá pápá láìrí nǹkan wò. Iṣẹ́ líìgì ni láti so gbogbo wọn mọ́ ètò kan: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba àwọn yòókù lálejò lẹ́ẹ̀kan, kó sì lọ bá wọn nílé tiwọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù gba ife. Football League ló kọ́kọ́ dán èyí wò ní 1888. Ní oṣù kẹta ọdún 1889, Charles Samuel Craven, akọ̀wé ẹgbẹ́ Darlington, ṣagbátẹrù ìpàdé kan ní ìlú Durham, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Northern League sílẹ̀. Nínú gbogbo líìgì bọ́ọ̀lù tó ṣì ń lọ láyé lónìí, òun ni wọ́n kà sí ìkejì tó dàgbà jù. Middlesbrough gba ife rẹ̀ kí wọ́n tó sọ bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ oojọ́. Newcastle East End, ẹgbẹ́ tó wá di Newcastle United, náà gbá níbẹ̀.

Láti 1885 ni FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbà kí wọ́n máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Àwọn tí kò fẹ́ gbowó, tàbí tí ẹgbẹ́ wọn kò lówó tó lè san, wà lọ́tọ̀, FA sì dá ife tiwọn sílẹ̀, ìyẹn FA Amateur Cup, ní sáà 1893-94. Nígbà tó fi máa di 1906, Northern League ti di ti àwọn aláìgbowó pátápátá. Ilẹ̀ èédú ni Durham nígbà náà. Awakùsà ló pọ̀ jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, tíṣà àti akọ̀wé sì wà láàárín wọn. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni awakùsà ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò lọ gbẹ́ èédú. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, á wọ aṣọ ìlú rẹ̀, gbogbo ará àdúgbò á sì tẹ̀ lé e lọ sí pápá.

Kí ẹ má rò pé gbogbo wọn ni kò gbowó rárá. Agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ á padà wọ yàrá ìmúra, á gbé bàtà rẹ̀, á bá owó nínú rẹ̀, kò sì ní béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀. Nígbà tó di 1928, aáwọ̀ sọ lórí irú owó bẹ́ẹ̀ ní Crook Town, ìwádìí bẹ̀rẹ̀, àjọ bọ́ọ̀lù Durham sì jẹ agbábọ́ọ̀lù tó lé ní 300 níyà káàkiri agbègbè náà. Lójú tèmi, òfin yẹn le ju bó ti yẹ lọ. Awakùsà tó pa iṣẹ́ jẹ nítorí ìrìn-àjò bọ́ọ̀lù ti pàdánù owó ọjọ́ náà, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn ọmọ olówó láti Oxford àti Cambridge tí òfin náà bá lára mu kò ní irú ìṣòro yẹn.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, Bishop Auckland ló lókìkí jù. Ìlú kékeré ni, ààfin bíṣọ́ọ̀bù Durham ló sì wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford àti Cambridge tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn ní ààfin náà ló kọ́kọ́ mú bọ́ọ̀lù débẹ̀, àwọ̀ búlúù méjèèjì tí ẹgbẹ́ náà ń wọ títí dòní sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ìgbà mẹ́wàá ni Bishop Auckland gba Amateur Cup, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó súnmọ́ iye yẹn. Wọ́n gbà á léraléra ní 1955, 1956 àti 1957.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni ti 1954. Bishop Auckland àti Crook Town pàdé ní àṣekágbá ní Wembley. Máìlì díẹ̀ ló wà láàárín ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n lọ bá ara wọn, 100,000 ènìyàn sì wá wò wọ́n. Wọ́n ta ọ̀mì, 2-2. Wọ́n tún un gbá ní Newcastle, 2-2 tún ni. Ní ìgbà kẹta, ní Middlesbrough, Crook Town gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé, wọ́n sì gbé ife lọ. Ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ogunlọ́gọ̀ yẹn ń pariwo orúkọ wọn ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tó pa àwọn agbábọ́ọ̀lù Manchester United ní Munich ní oṣù kejì ọdún 1958, Bishop Auckland ni Manchester United ti rí ìrànwọ́. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta ló lọ bá wọn: Bob Hardisty, Derek Lewin àti Warren Bradley. Bradley dúró síbẹ̀, ó sì gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bishop Auckland ni West Auckland wà, abúlé awakùsà. Ní 1909, wọ́n pè wọ́n sí ìdíje ife Sir Thomas Lipton ní Turin, nílẹ̀ Ítálì. Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ, pé Woolwich Arsenal ni wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí tí lẹ́tà fi ṣìnà. N kò gbà á gbọ́, nítorí kò sí ẹ̀rí tó tì í lẹ́yìn. Ohun tó dájú ni pé àwọn awakùsà yìí na Winterthur ti ilẹ̀ Switzerland 2-0 ní àṣekágbá. Wọ́n padà lọ ní 1911, wọ́n na Juventus 6-1, ife náà sì di tiwọn títí láé. Àmọ́ ìrìn-àjò yẹn ti kó wọn sí gbèsè. Wọ́n fi ife náà dúró lọ́wọ́ obìnrin tó ni hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú wọn, nítorí 40 pọ́ùn, ó sì di 1960 kí ìlú tó san 100 pọ́ùn láti gbà á padà. Ní 1994, olè jí i. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń fi han àlejò báyìí.

Jack Greenwell, ọmọ Crook, wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ní Turin ní 1909. Ó lọ sí Barcelona ní 1912, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní 1917, nígbà tó sì di 1939, òun ló ṣíwájú orílẹ̀-èdè Peru gba ife Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọmọ ìlú èédú ni o.

Àwa náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Ní 1949, nígbà tí Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Etim Henshaw ni balógun wọn. Àwọn aláìgbowó bíi tiwọn ni wọ́n lọ bá gbá. Wọ́n na Marine, ẹgbẹ́ kan lẹ́bàá Liverpool, 5-2, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì wọ bàtà, aṣọ lásán ni wọ́n fi wé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Bishop Auckland náà, àmọ́ níbẹ̀ ni wọ́n ti jẹ ìyà. Tesilimi Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà nínú ikọ̀ yẹn. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ó gbá fún Peterborough, lẹ́yìn náà Queens Park Rangers. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré tó wà ní Surulere.

Ní 1974, FA pa ìyàtọ̀ tó wà láàárín olówó oṣù àti aláìgbowó rẹ́. Gbogbo wọn di agbábọ́ọ̀lù, Amateur Cup sì parí. Láàárín ọdún bíi mélòó kan sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àkàbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní kí Northern League wọlé. Northern League kọ̀. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ìtàn. Ní 1978, Blyth Spartans tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn lé Stoke City kúrò nínú FA Cup, wọ́n sì bá Wrexham ta ọ̀mì ní ìpele karùn-ún. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ní kí wọ́n wá jókòó sísàlẹ̀? Ìgbéraga yẹn ná wọn ní ohun púpọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ gòkè bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbà láti wọlé ní 1991, ìsàlẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pè wọ́n sí lọ ni wọ́n bá ara wọn.

Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Òkè àti ọ̀nà gígùn ló wà láàárín wọn àti àwọn ẹgbẹ́ apá Manchester àti Liverpool tí wọn ì bá máa bá gbá. Owó bọ́ọ̀sì pọ̀, ẹni tó sì ń ṣiṣẹ́ títí di aago márùn-ún kò lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ Túsìdeè. Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jókòó sójú kan. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń kó FA Vase, ife àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, bí ẹni kó ẹrù ara rẹ̀: láàárín 2009 sí 2017, ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ Northern League gbà á. Whitley Bay nìkan gba mẹ́ta ní ìtẹ̀léra. Ní 2012, Dunston àti West Auckland ló pàdé ní àṣekágbá. Nǹkan ti yí padà báyìí. Spennymoor àti South Shields ti gòkè dé ìpele kẹfà, Morpeth àti Dunston náà ti jáde.

Àwọn tó kù ń bá a lọ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ kékeré ló ń darí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gé koríko lè jẹ́ òun náà ni yóò jókòó sẹ́nu géètì gbowó, ìyàwó rẹ̀ á sì wà nídìí tíì. Àwọn òǹwòran ò ju ọgọ́rùn-ún bíi mélòó kan lọ. Owó díẹ̀díẹ̀ lè tọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fi í pamọ́ sínú bàtà mọ́. Ilé iṣẹ́ ni Chris Waddle ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ń gbá fún Tow Law Town, kí Newcastle tó mú un ní 1980.

Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Newcastle, Sunderland àti Durham pọ̀. Ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù yìí. Aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ni, ẹnu géètì lẹ ó ti sanwó, ibi tó bá sì wù yín lẹ lè dúró sí. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, kó tètè bá akọ̀wé ẹgbẹ́ tó sún mọ́ ọn sọ̀rọ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì rẹ̀, nítorí òfin ìjọba kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi eré ìdárayá ṣe iṣẹ́, ẹgbẹ́ kékeré pàápàá lè bọ́ sábẹ́ òfin náà.