Ìmọ̀ Tó Ń Bá Olùkọ́ Fẹ̀yìn Tì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ láti ọdún 60 sí 65, tó sì sọ iye ọdún tí wọ́n lè lò lẹ́nu iṣẹ́ di 40 dípò 35. Inú ọ̀pọ̀ olùkọ́ dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọdún 5 péré ni òfin náà fi kún un. Bí ọdún náà bá ti pé, olùkọ́ yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, gbogbo ọgbọ́n tó ti kó jọ yóò sì bá a lọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìjọba. Ó jẹ́ bí a ṣe lè fi ọsàn tí a pín sí mẹ́rin la ìṣirò ìdá yé ọmọ, àti irú àṣìṣe tí àwọn ọmọ máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fọwọ́ sí i, alábẹ̀wò ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Olùkọ́ kíláàsì kejì kì í sábà fojú kàn án.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹ̀kọ́ àfikún tí olùkọ́ ń ṣe nírọ̀lẹ́ ń mú owó díẹ̀ wọlé, ẹni tó bá sì la ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í torí bẹ́ẹ̀ rí ìgbéga.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀ kan náà ni àpẹẹrẹ rere wà. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n dán an wò ní kíláàsì, wọ́n sì tún un kọ. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1989, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà jáde níwèé. Fafunwa papòdà ní 2010, ṣùgbọ́n ẹ̀rí iṣẹ́ náà kò bá a lọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fétò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Olùkọ́ tó bá gbìyànjú ìlànà náà láàárín ọdún 3 yẹn, tí kò kọ ohun tó rí sílẹ̀, kò ní ẹ̀rí kankan láti mú wá síbi àríyànjiyàn náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Kí ilé-ẹ̀kọ́ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí olùkọ́ kan yóò máa wo bí èkejì ṣe ń kọ́ni. Kí wọ́n tọ́jú ìwé ìmúrasílẹ̀ tó dára jù, kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lára rẹ̀, kí èyí sì ka nígbà tí ìgbéga bá dé. Kí ẹni tó ń fẹ̀yìn tì lo sáà ìkẹyìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀. Àkókò ló máa gbà, olùkọ́ tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ kò sì ní in lọ́pọ̀. Ìjọba ni kó fi í sínú ètò iṣẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.