Gbogbo Ayé Rí I, Ta Ló Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Ajilete níbí àti ní Pólì Ìlaròó. Wọ́n ní kóòdù Linux kò lè gbé àlébù pamọ́, torí pé ìta gbangba ló wà, tẹrú tọmọ ló lè kà á. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní ẹnìkan á ti rí i tipẹ́. Irọ́ ni. Irọ́ tó dùn ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ jù wá lọ ló sì ń tà á fún wa.

Eric Raymond ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí, ará Amẹ́ríkà tó kọ The Cathedral and the Bazaar lọ́dún 1997. Òun ló sọ pé bí ojú tó ń wo kóòdù bá ti tó, kò sí àlébù tí yóò ṣòro láti rí, ó sì fi òfin náà sọrí Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991. Àmọ́ àwọn tó ń dán ètò wò àti àwọn tó ń bá olóhun kọ ọ́ ni Raymond ń sọ, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní dátà lórí fóònù. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ ló ka ẹni tó láǹfààní láti wò mọ́ ẹni tó wò lóòótọ́.

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ìdí-Ìrókò, tó kọjá Ajilete lọ sí Òwódé, kò nílò àlàyé púpọ̀. Ìdènà agbófinró kan ò tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ti iwájú bá rò pé ti ẹ̀yìn ti ṣí búùtù, tí ti ẹ̀yìn sì fi í sílẹ̀ fún ti iwájú, ọkọ̀ á dé Òwódé, ogún ojú á ti wò ó, ọwọ́ kan ò ní kan búùtù. Bí ìdènà ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn oníkálukú á máa balẹ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ kóòdù gbangba ṣe rí nìyẹn.

Níbi dráífà ló ti burú jù. Dráífà ni kóòdù tí kẹ́nẹ̀lì, ìyẹn ètò bíi Linux tó ń darí ẹ̀rọ láti ìsàlẹ̀, fi ń bá kámẹ́rà, ojú fóònù, Wi-Fi àti ohun èlò gbogbo sọ̀rọ̀. Inú kẹ́nẹ̀lì náà ló ń gbé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Ta ló wá lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa? Ẹni tó ní ohun èlò náà lọ́wọ́, tó tún ní ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í fi ìwé yẹn síta. Lọ́dún 2001, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford tú Linux wò, wọ́n rí i pé ìwọ̀n àṣìṣe inú dráífà ga tó ìlọ́po mẹ́ta sí méje ti ìyókù kẹ́nẹ̀lì. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un tú wò ní 2011, ìwọ̀n náà ti wálẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tó ti mọ ibi tí wọ́n á wá a sí, tí wọ́n sì ní irinṣẹ́, ló mú un wálẹ̀, kì í ṣe èrò ọjà.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé. Android tó wà nínú Tecno, Itel àti Infinix ọwọ́ wa, orí kẹ́nẹ̀lì Linux ló dúró lé, MediaTek ló sì ṣe ṣíìpù inú ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú. MediaTek ní dráífà kan tó ń jẹ́ CMDQ, tó ń to àṣẹ jọ fún apá tó ń gbé àwòrán sójú fóònù. Àlébù rẹ̀ kò díjú: kò béèrè lọ́wọ́ áàpù tó kanlẹ̀kùn pé ìwọ ta ni. Áàpù èyíkéyìí lè ní kó ka mẹ́mórì fóònù fún òun, tàbí kó kọ nǹkan sínú rẹ̀, títí áàpù náà yóò fi di ọ̀gá lórí fóònù pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, àwọn tó fẹ́ já tábúlẹ́ẹ̀tì Amazon Fire wọn gbà lọ́wọ́ Amazon ló ń lò ó. MediaTek ṣe àtúnṣe ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ní oṣù kìíní 2020, ilé-iṣẹ́ ààbò Trend Micro rí áàpù burúkú lórí Google Play tó ń gba ojú ihò yẹn wọlé. Oṣù kẹta ni Google tó fi í sínú ìkéde ààbò Android, pẹ̀lú nọ́ńbà CVE-2020-0069, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì tíì rí àtúnṣe gbà títí di ìgbà yẹn.

Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé ti MediaTek nìyẹn, ti Linux gangan kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Binder ńkọ́, dráífà tí àwọn áàpù Android fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ní ìparí 2017, syzkaller rí àlébù kan nínú rẹ̀. Syzkaller kì í ṣe ènìyàn o, ètò tó ń da ìbéèrè ràndànràndàn bo kẹ́nẹ̀lì ni. Àtúnṣe wọ inú Linux ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, láìsí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ní oṣù kẹwàá 2019, Project Zero, àwọn tó ń wá àlébù ààbò fún Google, kéde pé ó jọ pé àwọn kan ti ń fi àlébù kan náà wọ fóònù oní-fóònù. Fóònù Pixel 2, tí Google fúnra rẹ̀ tà, wà nínú àwọn tó ní in. Fún ohun tó lé ní ọdún kan àbọ̀, àrùn àti oògùn rẹ̀ jọ wà ní gbangba.

Ẹ̀rí tó wù mí jù ni ti Yunifásítì Minnesota. Ní oṣù kẹrin 2021, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó àgbà Linux, ti ilẹ̀kùn Linux mọ́ wọn, nítorí pé àwọn olùwádìí ibẹ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àtúnṣe oníjìbìtì ránṣẹ́ láti dán àwọn alábòójútó wò. Orí ìwà yẹn ni gbogbo ariwo dúró sí, èmi ò sì rí ohun pàtàkì níbẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Àwọn ará Linux kó àtúnṣe 435 tí àwọn ará yunifásítì náà ti fi inú rere kọ sẹ́yìn jọ, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn tún un yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. 349 dáa. 39 ní àṣìṣe tó ṣì ń fẹ́ àtúnṣe. 25 mìíràn ní àṣìṣe tí ẹlòmíràn ti bá wọn tún ṣe. Ojú tó wà láyé kò pọ̀ sí i lọ́dún yẹn. Ohun tó yí padà ni pé ẹnìkan gbọ́ pé: tìrẹ nìyí, sọ ohun tí o rí.

Ẹni tó bá yẹ àtúnṣe wò ní Linux máa ń kọ Reviewed-by àti orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Òfin tó de ìlà yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni náà kò ṣe onídùúró pé kóòdù á ṣiṣẹ́. Àwọn onílé kò búra, àwa àlejò ló ń bá wọn búra! Ìbéèrè ni ẹni náà ń bi kóòdù. Iye tí áàpù mú wá, ṣé dráífà wọ̀n ọ́n kó tó gbà á? Bí ìgbésẹ̀ kẹta bá kùnà, ṣé ó dá ohun tí àkọ́kọ́ àti èkejì yá padà? Bí ẹnìkan bá fa okùn yọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kóòdù àdìmọ́ ni mò ń polówó. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje 2024, kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dákú nítorí dráífà ilé-iṣẹ́ ààbò CrowdStrike. Nǹkan 21 ni ètò tuntun wọn ń retí, 20 ni kóòdù tó ń bọ́ ọ mú wá.

Ẹ̀yin tó ń tún fóònù ṣe, tẹ́ ẹ ní okùn USB oníṣíìpù CH340 lórí tábìlì, ẹ ní ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka kóòdù kò ní. Dráífà rẹ̀ wà nínú Linux, ch341.c lorúkọ fáìlì náà. Ẹ ṣí i, ẹ wá ibi tó ti ń gba mẹ́mórì àti ibi tó ti ń dá a padà, kí ẹ fa okùn náà yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí kẹ́nẹ̀lì bá kígbe, ẹ kọ ohun tí dmesg, àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ kẹ́nẹ̀lì hàn, sọ sílẹ̀, kí ẹ wá orúkọ alábòójútó rẹ̀ nínú fáìlì MAINTAINERS, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú orúkọ tiyín lábẹ́ rẹ̀.