Ọ̀rọ̀ Ilé: Gìtá Àyálò

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìtàn gìtá kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní Nazareth, ìlú kan ní Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn onígbàgbọ́ Moravia tẹ̀dó ní 1740, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń ṣe gìtá. Christian Frederick Martin, ará Jámánì, ni ó dá a sílẹ̀. Ní ìlú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe fayolín kò fẹ́ kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà máa ṣe gìtá, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà. Ní 1833 ó kó ìdílé rẹ̀ kọjá òkun lọ sí New York, kò sì pẹ́ kí wọ́n tó ṣí lọ sí Nazareth. Ìran rẹ̀ ni ó ni iṣẹ́ náà títí di òní, wọ́n sì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níbi tí a gbé ń tọ́jú àwọn gìtá àtijọ́.

Àwọn tí ń ṣe sinimá The Hateful Eight, tí ó jáde ní 2015, yá ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a ti ṣe láti àwọn ọdún 1870. Nínú eré náà, ọkùnrin kan ní láti já gìtá gbà lọ́wọ́ obìnrin tí ń ta á, kí ó sì fọ́ ọ mọ́ òpó. A ti ṣe àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́ sílẹ̀ fún fífọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún òṣèré náà pé ojúlówó ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó já a gbà, ó là á mọ́ òpó, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Igbe tí obìnrin náà ké kì í ṣe ti eré mọ́.

Adójútòfò san owó rẹ̀, nǹkan bí 40,000 dọ́là. Ẹnìkan lè wí pé, bí a bá ti san owó, ẹjọ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò fi owó ra ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ti sùn? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sọ pé àwọn kò ní yá oníṣẹ́ sinimá ní gìtá mọ́. Àwọn baba wa ti wí i pé, ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.

Àwa kò dá òṣèré náà lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ tí kò sọ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá yá ohun aládùúgbò wá sílé, ẹ pe àwọn ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀ jọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àyálò ni. Ẹ rántí ọmọ wòlíì tí irin àáké rẹ̀ bọ́ sínú odò Jọ́dánì nígbà ayé Èlíṣà. Ohun tí ó mú un kígbe ni pé ó yá àáké náà ni.

Bí gìtá àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ìbáà ṣe tiyín tàbí ti ìjọ, ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná tàbí sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi í sínú àpótí rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa mú kí igi sún kì, kí ó sì là. Okùn ìfun ẹran ni a ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ gìtá ayé ìgbà náà fún. Bí ẹ bá fi okùn irin sí i, ó lè fa ojú rẹ̀ wú. Ẹ má sì ṣe fi ọ̀dà tuntun kùn ún kí ó lè máa dán, nítorí ọ̀dà àkọ́kọ́ wà lára iyì rẹ̀.

Kí Olúwa kọ́ wa láti tọ́jú ohun ọlọ́hun bí ẹni pé tiwa ni, kí a sì dá a padà ní pípé. Àmín.