Ta Ló Kó Ẹja Inú Táǹkì?

 

Ìyá kan láti Ifo dá mi dúró nígbà tí a parí Àsàlátù, ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló ra ẹja mẹ́ta wálé, irú èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Ẹja náà pẹlẹbẹ bí àwo, lẹbẹ rẹ̀ gùn lọ sókè, ó sì gùn wá sísàlẹ̀. Angelfish ni Òyìnbó ń pè é, èyí ni pé ẹja màláíkà. Wọ́n kó wọn sínú ìkòkò díńgí kékeré kan lórí tábìlì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀kan fi lé méjì yòókù títí wọ́n fi kú. Ìyá wa wá bi mí pé, “Ládàánì, irú màláíkà wo lèyí?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lè rín in tán, nítorí mo ti rí ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àdúgbò ká ní Mowe lọ́dún tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Mowe náà fún yín, n óò padà wá sórí ti Ifo.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ìgbà tí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1978 ni àwọn ará Èkó ti ń wá ilẹ̀ sí ìhà Mowe àti Ibafo díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé tán tí ilẹ̀ ṣẹ́kù sí ẹ̀yìnkùlé, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ́ kànga, tí yóò sì mọ táǹkì sìmẹ́ńtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa sin ẹja àrọ̀. Àrọ̀ kò ṣòro sìn bí ẹja mìíràn. Ó lè gbé ẹnu sókè omi kó fa afẹ́fẹ́ òkè símú, nítorí náà omi tí yóò pa ẹja mìíràn kì í tètè pa á.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa kó owó àjọ rẹ̀, ó fi ra 500 ọmọ àrọ̀. Táǹkì rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 6, omi inú rẹ̀ sì jìn ní ẹsẹ̀ 3. Ó ń fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nígbà tó bá ti ọjà dé. Bí ẹyọ kan bá kú tó léfòó, ó ń yọ ọ́, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mọ́kànlá péré ló kọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ní kí òun kà wọ́n, ló bá bá 212.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá yọ 212 àti 11 kúrò nínú 500, ó ku 277 tí kò sí lókè, tí kò sí nílẹ̀. Ta ló kó wọn?

Ọmọ aládùúgbò kan, ọmọ ọdún méjìlá, ló máa ń wá pọn omi ní kànga náà lójoojúmọ́. Òun nìkan ló ń dé ẹ̀yìnkùlé yẹn. Arábìnrin wa kò pariwo o, ó kàn sọ fún ẹnì kan, ẹni náà sọ fún ẹlòmíràn, kí ilẹ̀ tó ṣú bàbá ọmọ ti gbọ́. Ó na ọmọ náà títí. Ọmọ ń búra pé òun kò fọwọ́ kan ẹja. Ìyá ọmọ ní wọ́n ti ba ọmọ òun lórúkọ jẹ́, òun kò ní gbà. Lẹ́yìn ìrun ìṣáì ni wọ́n gbé ọjọ́ wọn wá sí mọ́sálásí.

Alága wa ní kí gbogbo wọn fara balẹ̀. Èmi ní kí wọ́n jẹ́ kí a fa omi táǹkì náà gbẹ ní àárọ̀ Sátidé, kí tọ̀túntòsì wà níbẹ̀. N kì í ṣe ọlọ́gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo ti sin àrọ̀ rí, mo sì ti pàdánù rí ni.

Nígbà tí omi fà, a rí i. Púpọ̀ nínú àwọn ẹja náà kò gùn ju ìka àárín lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án wà láàárín wọn tó gùn tó odindi ọwọ́, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ikùn wọn rí róbótó. Àwọn tó ń ta ọmọ ẹja máa ń pe irú wọn ní ṣútà. A là ọ̀kan. Ọmọ ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lódindi. A tún fi ọwọ́ rọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ táǹkì, orí ẹja wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, orí lásán, kò sí ara. Bí àrọ̀ bá ṣì kéré, ìrù ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń gbá mú, yóò jẹ ẹ́ dé ọrùn, yóò sì tu orí dànù. Nígbà tó bá dàgbà díẹ̀ sí i, á máa gbé e mì tán. Ẹ pín 277 sí ọ̀nà 9, ẹ ó rí i pé kò ju bí 31 lọ fún ìkọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 35. Kò tilẹ̀ tó ẹyọ kan lóòjọ́.

Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Bàbá ọmọ náà yíjú sí ògiri.

A máa ń pa á lówe pé ẹja ńlá ní í jẹ kékeré, a sì máa ń rò pé ọmọ aráyé nìkan la fi ń bá wí. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ló wà nínú táǹkì yẹn. Ẹni kan tilẹ̀ bi mí níbẹ̀ bóyá ẹja tó jẹ ọmọ ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ hàláàlì. Hàláàlì ni, ẹ lọ sè é.

Ibo ni arábìnrin wa ti ṣìṣe? Kì í ṣe àyè ló há. Ẹsẹ̀ 8 lọ́nà 6 lọ́nà 3 jẹ́ 144, ẹ wá fi 28 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò fún yín ní nǹkan bí lítà 4,000. Ibi tí omi dé ni kí ẹ wọ̀n o, kì í ṣe ibi tí ògiri dé. Fún ọmọ ẹja 500, àyè náà tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó rà kò dọ́gba. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú pé àwọn ńláńlá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá ń ra ọmọ ẹja, ẹ má ṣe yọ̀ mọ́ èyí tó tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ní kí olówò bá yín yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣà wọ́n. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé bí oṣù kan, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ óò ṣà wọ́n. Ajere tí ihò rẹ̀ dọ́gba dára fún iṣẹ́ náà: ẹ gbé e sínú báàfù omi, ẹ da ẹja sí i, àwọn kékeré yóò gba ihò jáde, àwọn ńlá yóò kù sókè. Ẹ kó àwọn ńlá sí omi tiwọn. Ẹni tí kò ní táǹkì kejì lè lo dúrọ́ọ̀mù. Àti oúnjẹ: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ kò tó ọmọ ẹja. Ẹ fún wọn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èyí tí ebi ń pa ni yóò wo ẹgbẹ́ rẹ̀ bí oúnjẹ. Kí ẹ sì bo táǹkì. Ẹja òru ni àrọ̀, inú òkùnkùn ni ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí pákó lórí apá kan táǹkì yóò dín ìjà kù, yóò sì dí ojú ẹyẹ.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí àrọ̀ bá kéré níye jù nínú omi, ìjà wọn ń pọ̀ sí i ni. Ìkọ̀ọ̀kan yóò gba igun kan, yóò sọ ọ́ di ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, kò sí èyí tó lè dá ṣe olúwa. Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí kó wọn há; ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn ń ba omi jẹ́, ẹni tó bá kó wọn pọ̀ gbọ́dọ̀ múra àtipààrọ̀ omi. Nígbà tí àrọ̀ bá tó kílò kan, ó kéré tán kí ìkọ̀ọ̀kan ní lítà 10. Lítà 4,000 yẹn kò ní gba ju 400 lọ nígbà náà, pẹ̀lú ìpààrọ̀ omi lóòrèkóòrè.

Ìyá wa ti Ifo, ọ̀rọ̀ tiyín náà nìyí. Ẹbí epìyà ni ẹja pẹlẹbẹ yẹn, odò Amasónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibi tó bá yàn, pàápàá nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Ẹja mẹ́ta ni iye tó burú jù, nítorí gbogbo ìyà yóò bọ́ sórí ẹyọ kan tàbí méjì. Kí ọmọ yín ra kékeré mẹ́fà tí wọ́n dọ́gba, kó kó wọn sínú àpótí díńgí tó ga dáadáa, nítorí ẹja náà ga ju bó ṣe gùn lọ, kó sì fi ewé omi tàbí igi pín in kí wọ́n má lè máa rí ara wọn nígbà gbogbo. Bí méjì bá di tọkọtaya, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ sínú bíi lítà 80. Kó má kó ẹja wínníwínní mọ́ wọn o, wọn yóò gbé e mì. Ìkòkò orí tábìlì yẹn, ẹ fi gbin òdòdó.

Arábìnrin wa ní Mowe gbé ṣútà mẹ́rin lọ sílé àwọn òbí ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Wọ́n gbà á, wọ́n sì sè é jẹ. Àwọn ẹja tó kù ti dàgbà, ó ti tà wọ́n, ó ti ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò pọn omi ní kànga yẹn mọ́. Kànga tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí ló ń wá báyìí, ó sì jìn sílé wọn.