Ọ̀já-ìkokò elétí yẹ́lò: ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ o!

Ahọ́n ìyá ìyàwó làwọn òyìnbó kan ń pe òdòdó yìí (ẹ má bi mí ohun tí àna fi ṣe wọ́n). Àwa ń pe irú ẹ̀ ní ọ̀já-ìkokò, ilẹ̀ wa níbí títí dé Kóńgò ló sì ti ń hù.

Èyí tí etí ewé ẹ̀ rí yẹ́lò lẹ ń sáré rà sí ọ́fíìsì. Kò burú. Àmọ́ tí olódòdó bá gbé kékeré tí kò ní yẹ́lò kankan lára wá, tó ní, "Madam, tó bá dàgbà, yẹ́lò ẹ̀ á yọ," irọ́ ni! Oṣù mẹ́jọ lèmi fi retí tèmi. Tí wọ́n bá gé ewé elétí yẹ́lò gúnlẹ̀, á hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíríìnì lásán lọmọ ẹ̀ máa jẹ́. Èyí tó yọ láti gbòǹgbò abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n wá pín, òun ló ń jọ ìyá ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ ìdí ẹ̀ wò. Tó bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀, omi ti pa á nìyẹn. Nílé, ẹ jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó bomi rin ín. Ẹ sì gbé e jìnnà sọ́mọdé, torí bó bá jẹ ewé ẹ̀, ó lè máa bì.