Àgbálùmọ̀ Kì í Ṣe Ṣẹ́rì

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́, n ó sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Láti oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, títí dé nǹkan bí oṣù Kẹrin, ẹ dé ọjà èso ní Kétu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Àgbálùmọ̀ kún inú apẹ̀rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n "ṣẹ́rì" ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹni tí ó ń tà á ń kígbe ṣẹ́rì, ẹni tí ó ń rà á ń ná ṣẹ́rì, ọmọ tí ó dì mọ́ aṣọ ìyá rẹ̀ ń kọ́ ṣẹ́rì. N kò retí púpọ̀ jù ní ìtòsí Mile 12, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ òǹkà máìlì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ti ọjà kọ́ ni ó dùn mí jù. Ẹnu àwa tí a kàwé ni mo ti ń gbọ́ ṣẹ́rì jù lọ, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ ọsàn ní í kó póńpó bá ìyá rẹ̀.

Kí ni ń jẹ́ ṣẹ́rì? Èso ilẹ̀ olótùútù ni, kékeré, tí ó ní kóró kan ṣoṣo. Igi igbó ilẹ̀ wa ni àgbálùmọ̀. Kóró rẹ̀ máa ń tó márùn-ún, oje rẹ̀ funfun, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni ní ètè. A sì máa ń jẹ èèpo rẹ̀ títí yóò fi di gọ́ọ̀mù lẹ́nu. Bí ẹ bá ń wá ìbátan rẹ̀, ẹ lọ bi igi tí a ń ti ara rẹ̀ rí òrí. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó àwọn méjèèjì sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fara wé gan-an kò pè é ní ṣẹ́rì nínú ìwé wọn. African star apple ni wọ́n ń pè é, nítorí bí a bá là á ní ìbú, àyè kóró rẹ̀ tò bí ìràwọ̀.

Ẹ wá wo bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Ọ̀pẹ òyìnbó kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀; ní erékùṣù Guadeloupe ni Columbus ti rí i ní 1493. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n wo ewé orí rẹ̀, wọ́n rántí ọ̀pẹ, wọ́n sì fi "òyìnbó" sọ ẹni tí ó mú un wá. Ti ọsàn tilẹ̀ lárinrin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkìtì àti Oǹdó, bí o bá ní kí wọ́n ra ọsàn fún ọ, àgbálùmọ̀ ni wọn yóò gbé dé. Bí ó bá ṣe èyí tí à ń bó tí à ń mu ni o fẹ́, àfi kí o pè é ní ọsàn mímu. Ẹ̀rí ìtàn ni mo ka èyí sí. Éṣíà ni ọsàn mímu ti wá, ẹni tí ó sì kẹ́yìn dé ni a ń fi àpèjúwe kún orúkọ rẹ̀. Onílé ní í jẹ́ ọsàn lásán. Nígbà tí ó yá, àlejò gba orúkọ ọsàn mọ́ onílé lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Kò burú, àgbálùmọ̀ ṣì kù fún un. Ìyẹn náà ni ṣẹ́rì fẹ́ gbà yìí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò ni mo ń bá jà o. Máńgòrò gbé orúkọ rẹ̀ wá láti ìhà Íńdíà, a fún un ní ohùn Yorùbá, ó sì di tiwa. Ohun tí kò ní orúkọ ni à ń yá orúkọ fún.

Àwọn kan á ní Èkó ti di àpapọ̀, pé Hausa àti Ìgbò pọ̀ ní Kétu àti Mile 12, ṣẹ́rì ni gbogbo wọn sì gbọ́. Àwáwí lásán! Agwaluma ni Hausa ń pè é. Èdè wọn kò ní "gb", ni wọ́n bá fi "gw" dípò rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gba orúkọ wa. Udara tàbí udala ni Ìgbò ń pè é, wọn kò jù ú nù. Ta wá ni ṣẹ́rì ń ṣe ògbufọ̀ fún?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì wá "cherry" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èso ilẹ̀ òkèèrè ni yóò bá pàdé. Oògùn rẹ̀, èròjà inú rẹ̀, àrùn igi rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò kó sínú iṣẹ́ àṣekágbá, tí yóò sì fi orúkọ àgbálùmọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kí olùkọ́ tí ó bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dá a padà.

Wọ́n tún ní àgbálùmọ̀ gùn jù lẹ́nu. Sílébù mẹ́rin ni. Mẹ́rin náà ni wọ́tàmẹ́lọ̀n, ẹnu àwọn kan náà ni mo sì ti ń gbọ́ ọ ní Kétu. Kò tí ì rẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn.