Igi Tí Ọwọ́ Ń Kàn Lójoojúmọ́: Kí Ni Ká Fi Kùn Ún?

Ọ̀rọ̀ káńtà ìsọ̀ àti bẹ́ǹṣì ilé-ìwé ló kàn lọ́sẹ̀ yìí. Ojoojúmọ́ ni ìgbọ̀nwọ́, ẹrù àti omi ń kàn wọ́n. Kí ọdún tó yí po, dídán ti lọ, igi ti ń ta sókè, ó sì ń fa aṣọ oníbàárà àti ti ọmọ ilé-ìwé ya.

Àwọn mìíràn a máa fi epo pupa tàbí àdín pa á, nítorí kò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Lóòótọ́, yóò dán lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n epo ọ̀pẹ kì í gbẹ di líle lórí igi. Eruku ni yóò máa gbé, aṣọ ni yóò sì máa bà jẹ́. Òróró linseed yàtọ̀: atẹ́gùn a máa sọ ọ́ di líle. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Àkísà tí a fi pa á, bí a bá ká a jọ, lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lóde kí ó gbẹ.

Shellac, pólíìṣì tí a fi oje kòkòrò kékeré kan láti Íńdíà ṣe, ẹwà rẹ̀ pọ̀ lára àga pálọ̀. Ṣùgbọ́n ọtí a máa yọ́ ọ, omi a sì máa sọ ọ́ di funfun. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ: kò yẹ káńtà ọlọ́tí.

Fánííṣì polyurethane ni kí ẹ béèrè. Ní Jámánì, ní 1937, ni Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ohun tí a ń pè ní polyurethane. Bí ó bá gbẹ tán, kì í tètè họ, omi àti ọtí kì í sì í tètè rí i gbé ṣe.

Ẹ fi sáńpépà ha ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ nu eruku rẹ̀. Bí igi náà bá jẹ́ ìrókò, ẹ fi tínà nù ún, nítorí oje inú rẹ̀ lè máà jẹ́ kí fánííṣì tètè gbẹ. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, tíńrín-tíńrín, kí ẹ sì máa fi sáńpépà kíkúnná ha á díẹ̀ láàárín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìsinmi Kérésìmesì ló dára jù: ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, àwọn ọmọ kò sì sí níbẹ̀. Owó rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ má jẹ́ kí dídán ọjọ́ kan tàn yín.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.